Ọjọ́ Kejìlélógún, Kì í Ṣe Ọjọ́ Kọkànlélógún

Ìta-Èkó, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, 2025.

Káyọ̀dé Àkànní, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Festac? Ṣé ọjà ń tà ní Trade Fair? Màmá rẹ sọ fún mi lórí fóònù pé bó o bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ, kó o tó bọ́ nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà Badagry, ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjáde rẹ, á máa ṣọ́ ìwọlé rẹ.

Màmá rẹ náà ló fi ọ̀rọ̀ dẹ̀kódà tuntun sùn mí. Ó ní o rà á fún òun, èyí tó ní ojú USB lẹ́yìn, kó lè máa bá òun ká ètò Yorùbá tí òun fẹ́ràn sílẹ̀ bí òun bá lọ sí ìpàdé àdúrà nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ó ní lọ́sẹ̀ kìíní, ètò òun ò sí níbẹ̀, ètò tó tẹ̀ lé e ni òun bá. Lọ́sẹ̀ kejì, ìkànnì mìíràn tí òun ò wò rí ló ká sílẹ̀ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní inú bí ọ, o sì fẹ́ gbé e padà lọ fún ẹni tó tà á fún ọ ní Alaba.

Jọ̀ọ́, má tíì gbé e padà. Láti ohun tí màmá rẹ ròyìn, n ò rò pé nǹkan kan ṣe ẹ̀rọ náà. Lọ́sẹ̀ kìíní, aago ẹ̀ ni kò tọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ńbà ìkànnì ló yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Méjèèjì ni ọwọ́ rẹ lè tún ṣe láàárín ìdajì wákàtí, láìná kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ yìí ni mo fi jẹun, o mọ̀. Ọdún 1985 ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí 4th Avenue, tẹlifíṣàn àti fídíò ni mo sì ń tún ṣe níbẹ̀ títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ọ̀gbà Trade Fair tó o ti ń tajà lónìí yìí ni mo ti kọ́kọ́ fojú ara mi rí ẹ̀rọ fídíò, níbi ìpàtẹ ọjà kan, kí n tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Nígbà náà, kì í ṣe ọjà ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ìpàtẹ ọjà àgbáyé ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ, ọdún 1977 ni wọ́n sì ṣe àkọ́kọ́, ọdún kan náà tí àjọ̀dún FESTAC wáyé, tí àdúgbò yín fi gba orúkọ. Mo dúró ti ẹ̀rọ náà títí wọ́n fi ní kí gbogbo èrò máa lọ sílé. Ọkùnrin tó ń fi í hàn wá gbé aago sínú ẹ̀, ó fi ọwọ́ sí àpò, ẹ̀rọ náà sì dá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra ẹ̀ níṣojú wa. Mi ò gbàgbé ẹ̀ títí di òní.

VHS ni èyí tó wá gbilẹ̀ nílẹ̀ wa. Ilé iṣẹ́ JVC ní Japan ló gbé e jáde ní 1976. Betamax ti Sony ti ṣáájú ẹ̀ dé ní ọdún kan. Àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ máa ń gbé e sínú ẹrù wọn, wọ́n á sì gbé e wá fún mi kí n so ó fún wọn. Ẹni tó bá gbé ti Amẹ́ríkà wá, ẹkún ló máa ń sun: NTSC ni tọ̀hún, PAL ni ti Nàìjíríà, iná 110 ni tọ̀hún sì ń lò. Mo ti rí èyí tó gbiná lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n kì í bọ ògiri.

Jẹ́ ká dé orí ìkànnì, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Níwájú fídíò àtijọ́, ìdérí kékeré kan wà. Bó o bá ṣí i, wàá rí àwọn kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò síbẹ̀, mẹ́jọ lára òmíràn, méjìlá lára òmíràn. Kẹ̀kẹ́ kan, ìkànnì kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ohun kékeré kan tó ṣeé tì sí ọ̀nà mẹ́ta wà: VL, VH, U. NTA Channel 10 àti NTA 2 Channel 5, VH ni wọ́n wà. Ti ilé iṣẹ́ tó bá wà lórí UHF, o máa tì í sí U. Lẹ́yìn náà, o máa fi èékánná yí kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Àwòrán á kọ́kọ́ máa yọ bí ẹni tó ń bọ̀ nínú ọyẹ́, ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, lójijì á mọ́. Bí àwòrán bá mọ́ tí ohùn ń hó, o ti kọjá ẹ̀ nìyẹn, padà sẹ́yìn bí ìwọ̀n irun orí kan. Mo máa ń lo ogójì ìṣẹ́jú lórí fídíò kan nígbà mìíràn, oníbàárà á ti sùn lọ lórí àga.

Ohun kan wà tó máa ń ṣòro fún àwọn oníbàárà láti gbà, òun náà ló sì yẹ kí ìwọ mọ̀. Fídíò ní ojú tirẹ̀, tẹlifíṣàn ní ojú tirẹ̀. Wáyà éríà máa ń kọ́kọ́ wọ inú fídíò kó tó kọjá sí tẹlifíṣàn. Nítorí náà, bí tẹlifíṣàn bá ń fi Channel 10 hàn ọ́, ìyẹn ò sọ pé Channel 10 ni fídíò ń ká. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú fídíò fúnra ẹ̀ ló ń ká. Ìdí nìyẹn tó o fi lè máa wo eré lórí ìkànnì kan kí fídíò máa gba ìròyìn lórí òmíràn. Ìdí nìyẹn náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pariwo lé mi lórí pé mo ba ẹ̀rọ àwọn jẹ́.

Ẹ̀rọ náà ò mọ orúkọ ètò. Ìròyìn ni o, eré ni o, bọ́ọ̀lù ni o, gbogbo ẹ̀ kan náà ni lójú ẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni nọ́ńbà tí ìkànnì wà, ọjọ́, aago tó máa bẹ̀rẹ̀ àti aago tó máa parí. Dẹ̀kódà òde òní máa ń kọ orúkọ ètò sójú tẹlifíṣàn lóòótọ́, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń gbé ètò jáde ló ń fi orúkọ yẹn ránṣẹ́. Bí wọn ò bá fi ránṣẹ́, tàbí tí wọ́n yí ètò padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà àti aago náà ló kù.

Mo fẹ́ sọ ohun kan fún ọ nípa bàbá rẹ, tí mi ò sọ fún ọ rí.

Oṣù Kẹfà ọdún 1994 ni. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni ọ́. Màmá rẹ ti gbé ọ wá sọ́dọ̀ ìyá wa níbí, ó ku bàbá rẹ nìkan nínú ilé tí ẹ ń gbé nígbà náà ní 22 Road. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní èbúté Àpápá lọ́sẹ̀ náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tọrọ àyè. Nàìjíríà ò lọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí títí di ọdún yẹn. Super Eagles fẹ́ kojú Bulgaria ní Dallas, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 21. Bàbá rẹ mú kásẹ́ẹ̀tì E-180 tuntun wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò tíì tú ọ̀rá ara ẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi gbà á sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ iye góòlù fún mi kí n tó fojú ara mi rí i.” Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20, mo lọ síbẹ̀. Mo yẹ ìkànnì NTA wò lára fídíò, ó mọ́ gaara. Mo fi aago ẹ̀ wé ti rédíò, wọ́n bára mu. Mo tú ọ̀rá kásẹ́ẹ̀tì, mo kì í bọ inú ẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni E-180 ń gbà, ó tó. Mo kọ nọ́ńbà ìkànnì. Mo kọ aago méjìlá ààbọ̀ òru. Mo kọ ọjọ́: 21. Mo tẹ Timer, iná pupa kékeré tàn, mo tilẹ̀kùn, mo lọ sílé mi ní Satellite Town.

Dallas fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa nígbà náà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 21 ni tiwọn nígbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, aago méjìlá ààbọ̀ òru ti lù, ọjọ́ 21 ti kọjá lọ. Ọjọ́ 22 ló yẹ kí n kọ. Aago ni mo ṣírò, mi ò ṣírò ọjọ́.

Lóru ọjọ́ Ajé mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fídíò bàbá rẹ jí ní aago tí mo fún un, ó ká ohun tó bá lójú ìkànnì náà tán, kásẹ́ẹ̀tì kún, ó padà sùn. Lóru kejì, èmi àti èrò rẹpẹtẹ wà nílé aládùúgbò mi kan. Rashidi Yekini gbá àkọ́kọ́ wọlé, ó sáré wọ inú góòlù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń sunkún. Daniel Amokachi gbá èkejì wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Emmanuel Amunike fi orí kan ẹ̀kẹta. Mẹ́ta sí òdo. Gbogbo Satellite Town dìde. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bàbá rẹ á rí i lówùúrọ̀.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, mo dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn fi òwú dí etí nínú mólúè láti Àpápá kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ ọ́ fún àwọn. Wọ́n ra búrẹ́dì àti àkàrà dání. Wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ Play. Holland àti Saudi Arabia ló jáde. Ìdíje alẹ́ tó ṣáájú ni. Wọ́n wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bóyá wọ́n rò pé tiwa á tẹ̀ lé e. Wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo lẹ kọ sí i?”

Mo ní mọ́kànlélógún.

Wọ́n mi orí. “Ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe ló ṣe.” Wọ́n pa á, a jẹ búrẹ́dì wa. Wọn ò bá mi jà, wọn ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò pé èmi tí mò ń gbowó lórí iṣẹ́ yìí ni mo ṣe é. Inú ìròyìn ni wọ́n ti wá rí góòlù Yekini, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Láti ọjọ́ náà, fídíò kankan ò kúrò lórí tábìlì mi láìjẹ́ pé mo béèrè lọ́wọ́ oníbàárà pé: aago tó o sọ yìí, ọjọ́ wo ló bọ́ sí? Dẹ̀kódà tó wà nílé rẹ báyìí náà, bí aago méjìlá òru bá ti lù, ọjọ́ kejì ni lójú ẹ̀.

Ó yá, ká tún tìrẹ ṣe.

Aago ni kó o kọ́kọ́ wò. Púpọ̀ nínú àwọn dẹ̀kódà tí wọ́n ń kó wọlé, orí GMT ni wọ́n gbé aago wọn sí, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú GMT. Bó o bá fọwọ́ ara rẹ kọ aago méje alẹ́ sínú ẹ̀, aago mẹ́jọ ni yóò lù ní Festac kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní nìyẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Wọ inú Menu, wá ibi tí wọ́n kọ Time Zone sí, gbé e sí +1, kó o fi wé aago fóònù rẹ. Wo ọjọ́ náà pẹ̀lú.

Ìkànnì ló kàn. Màmá rẹ sọ pé Tólú ọmọ rẹ tẹ Auto Search lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì nítorí ó ń wá ìkànnì àwọn ọmọdé. Má bá a wí, kò mọ̀. Àmọ́ nígbà tí dẹ̀kódà bá tún gbogbo ìkànnì wá, ó lè tò wọ́n lọ́nà mìíràn: èyí tó wà ní nọ́ńbà 7 lánàá lè bọ́ sí 12 lónìí. Ètò tó o ti gbé kalẹ̀ ṣì lè máa pe 7. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o jókòó ti màmá rẹ, kó o bi í léèrè àwọn ìkànnì tó ń wò gan-an. Wọn ò lè ju mẹ́fà lọ, mo mọ àbúrò mi. Gbé àwọn mẹ́fà náà síwájú, láti nọ́ńbà 1, bó ṣe tò wọ́n lẹ́nu. Nígbà ayé fídíò, bí mo ṣe ń ṣe é fún àwọn ìyá nìyẹn, kì í ṣe bí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ṣe ń pe ara wọn. Kọ ọ́ sórí páálí pẹ̀lú bírò dúdú, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rìmóòtù. Lẹ́yìn náà, bí Menu bá fàyè gbà á, ti ojú Auto Search náà pa pẹ̀lú nọ́ńbà àṣírí.

Ìkànnì tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nìkan ni kó o retí pé dẹ̀kódà rẹ á ká. Láti ìgbà tí Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí dígítà ní 29 oṣù Kẹrin 2021, a ti ní àwọn ọ̀fẹ́ tó dáa, ìwọ̀nyí sì tó fún màmá rẹ. Èyí tí wọ́n bá tì pa nítorí owó oṣù, dẹ̀kódà lè kọ̀ láti ká a, tàbí kó ká a kó má ṣí.

Fláàṣì náà: má lo èyí tó o fi ń gbé orin láti ṣọ́ọ̀bù. Ra ọ̀tọ̀ fún un, GB 32 tó. Wákàtí kan ètò tí kì í ṣe HD sábà máa ń gbà tó GB kan sí méjì. Jẹ́ kí dẹ̀kódà fúnra ẹ̀ fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó o bá rí i pé ètò gígùn pín sí ọ̀nà méjì, má ṣàníyàn. FAT32 tí wọ́n fi ń fọ̀ wọ́n kì í gba ju GB mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan.

Jẹ́ kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ètò bẹ̀rẹ̀, fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ìparí. Ìpolówó máa ń ti ètò síwájú, bàbá olóṣèlú kan sì lè fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀.

Iná wá ńkọ́? Fídíò àtijọ́ tí iná bá lọ mọ́ lórí fún ìgbà díẹ̀, 00:00 ló máa máa ṣẹ́jú sí ọ nígbà tó bá dé, gbogbo ohun tó o kọ sínú ẹ̀ á ti lọ. Dẹ̀kódà sàn jù ú lọ díẹ̀, ó máa ń rántí ohun tó o kọ, á sì gba aago padà látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Àmọ́ kò lè ká ohunkóhun nínú òkùnkùn. So ó mọ́ ínfátà tó o fi ń gbé fáànù lálẹ́, kò ní jẹ iná tó nǹkan. Sọ fún màmá rẹ pé rìmóòtù ni kó fi pa á, kó má ṣe pa á lára ògiri. Mo mọ̀ pé ó máa ń pa gbogbo nǹkan lára ògiri kó tó jáde nílé, láti kékeré ló ti bẹ̀rù iná. Bó bá pa á lára ògiri, kò sí ẹni tó máa jí lágogo méje.

Ohun kan kù. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ní etí kékeré kan lẹ́yìn. Bó o bá ṣẹ́ etí yẹn, fídíò kankan ò ní lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí mọ́, àfi bó o bá fi sẹ́lótéèpù dí ihò náà. Kásẹ́ẹ̀tì ìkómọ rẹ, oṣù Kẹta 1994, èmi ni mo ṣẹ́ etí ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹnikẹ́ni tó lè gba bọ́ọ̀lù lé e. Ó wà níbí lọ́dọ̀ mi, inú báàgì gbígbẹ ni mo fi pamọ́ sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣì ní ẹ̀rọ tó ń gbé e sórí fláàṣì. Mo máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá rẹ wà nínú ẹ̀, wọ́n gbé ọ lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé, kó o tó lọ sí Trade Fair, ṣe ìdánwò kékeré. Kọ ìṣẹ́jú márùn-ún sínú ẹ̀, fi rìmóòtù pa á, jókòó títí aago á fi pé. Bó bá ṣe é, jẹ́ kí màmá rẹ fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ti Ọjọ́rú, ìwọ kàn dúró tì í. Bí kò bá ṣe é, pè mí kó o tó sọ ọ̀rọ̀ Alaba. Fóònù mi á wà ní títàn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n màmá rẹ,
Bàbá Fẹ́mi.